Ẹnu fáàfù ni kó o kọ́kọ́ wò kó o tó ra ẹ̀rọ afẹ́táyà fún alùpùpù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ kékeré tí mo lè máa gbé sínú báàgì láti fi fẹ́ táyà alùpùpù mi. Méjì ni mo ti rí. Ọ̀kan ní bátìrì tirẹ̀ nínú, wọ́n kọ 150 PSI, ìyẹn ìwọ̀n agbára atẹ́gùn, sára páálí rẹ̀. Èkejì ní wáyà, bátìrì alùpùpù ni wọ́n ní kí n so ó mọ́, 100 PSI sì ni wọ́n kọ sí tirẹ̀. Alùpùpù mi kò tóbi. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀: bí mo bá fẹ́ ẹ lónìí, tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ó ti rọ̀. Mo sì máa ń dá rin ọ̀nà jíjìn. Ṣé oní-150 yẹn ni kí n mú? Èmi àbúrò yín.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú mi dùn pé o béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Kí n tó sọ èyí tí wàá mú, mo fẹ́ kó o mú tọ́ọ̀ṣì, kó o lọ bẹ̀rẹ̀ sídìí alùpùpù rẹ. Yí táyà ẹ̀yìn títí fáàfù, ìyẹn ẹnu kékeré tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, yóò fi wà níbi tójú rẹ ti tó o. Fi ọwọ́ wọ ibẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìdérí rẹ̀. Ṣé ọwọ́ rẹ gbà? Ṣé dísìkì bíréèkì ò dí i lápá kan, tí irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé sì dí i lápá kejì? Fáàfù náà ńkọ́, ṣé ó dúró ṣánṣán ni àbí ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò bá lè dé ẹnu fáàfù rẹ kò wúlò fún ọ, iye yòówù tí wọn ì báà kọ sí i lára.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí mo rà, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Orí páìpù rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí a máa ń tì bọ ẹnu fáàfù, tí a ó wá tẹ irin pẹlẹbẹ kan wálẹ̀ kó lè dì í mú. Mo dán an wò nílé lára táyà mọ́tò, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, mo bá kó o sínú báàgì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìṣó gún táyà ẹ̀yìn alùpùpù mi lójú ọ̀nà tí kò sí ilé nítòsí, òjò sì ń ṣẹ̀. Mo fa ìṣó yọ, mo dí ihò rẹ̀, mo gbé orí páìpù sún mọ́ fáàfù: irin pẹlẹbẹ yẹn ń kọ lu dísìkì. Mo yí táyà díẹ̀, ó tún ń kọ lu dísìkì. Mo dorí rẹ̀ kodò, ó wọlé, àmọ́ kò sáyè tí àtàǹpàkò mi fi lè tẹ irin náà wálẹ̀. Atẹ́gùn ń jáde fùù lẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà ò gbéra nílẹ̀. Mo ti alùpùpù náà fún ohun tó lé ní wákàtí kan, ẹ̀rọ tí kò ní àrùn kankan sì wà lẹ́yìn mi nínú báàgì. Irin tó dí mi lọ́wọ́ kò gùn ju ìka ọmọńdinrín mi lọ.

Látìgbà náà ni mo ti máa ń wo orí páìpù kí n tó wo bátìrì tàbí mọ́tò inú ẹ̀rọ. Fún alùpùpù, orí tí a ń yí mọ́ fáàfù bíi nọ́ọ̀tì ni mo fẹ́ràn jù. Kò gba àyè, kò ní jábọ́ bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n, kò sì sí irin tí à ń tẹ̀ wálẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé atẹ́gùn díẹ̀ máa ń sá jáde bó o bá ń tú u, pàápàá bí ọwọ́ rẹ ò bá yá. Nítorí náà, fi PSI kan lé iye tó o fẹ́, kó o sì tú u kíákíá. Orí oníirin pẹlẹbẹ dára fún táyà tí ẹnu fáàfù rẹ̀ wà ní gbangba. Bí tìrẹ bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà.

Gígùn páìpù náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ oníbátìrì ni páìpù wọn ò gùn ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Bó o bá so irú rẹ̀ mọ́ fáàfù, tí kò dé ilẹ̀, gbogbo ìwúwo ẹ̀rọ náà á wá máa rọ̀ sórí fáàfù, á sì máa gbọ̀n síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdí fáàfù rọ́bà kì í fẹ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀, ó máa ń ya. Bí páìpù bá kúrú, yí táyà kí fáàfù wà nísàlẹ̀ níhà ilẹ̀, kó o gbé ẹ̀rọ lé òkúta tàbí bàtà rẹ kó má bàa rọ̀ dirodiro. Àwọn kan máa ń ra ọrùn irin kékeré tó tẹ̀, tí wọ́n á dè mọ́ fáàfù kí ọ̀nà lè ṣí. Ó wúlò, mo ní ọ̀kan, àmọ́ àsìkò tí mo bá ń fẹ́ táyà nìkan ni mo ń dè é. Má ṣe fi sílẹ̀ níbẹ̀ kó o máa gun alùpùpù kiri. Bí táyà bá ń yí pẹ̀lú eré, ìwúwo irin náà á máa fa fáàfù síta, rọ́bà á sì máa tẹ̀ títí yóò fi ya.

Ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹnu fáàfù tó wà lára alùpùpù rẹ kò yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ìdílé Schrader ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1893, títí dòní a ò tíì pa á tì. Nítorí náà, kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún mọ́tò tí ẹnu rẹ̀ ò ní bá tìrẹ mu. Àyè tó yí i ká ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ó wá kan 150 àti 100. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ wo sítíkà tí àwọn tó ṣe alùpùpù rẹ lẹ̀ mọ́ ọn, ó sábà máa ń wà lára ìbòrí ṣéènì tàbí lára apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú. Iye tí wàá bá níbẹ̀, bí alùpùpù rẹ kò bá tóbi, sábà máa ń wà láàárín 25 sí 33 PSI. Àwọn alùpùpù ńlá pàápàá, 36 níwájú àti 42 lẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Kò sí alùpùpù kankan tí wàá fẹ́ táyà rẹ̀ dé 100, ká má tíì sọ 150. Iye yẹn wà fún táyà kẹ̀kẹ́ eléré tó tín-ín-rín. Bí sítíkà rẹ bá fi bar kọ ọ́, bar 1 jẹ́ PSI 14.5, bó bá jẹ́ kPa, 100 kPa ni bar 1. Má sì ṣe lọ fi iye tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe òdiwọ̀n, òpin ohun tí táyà náà lè gbà nìyẹn, kì í ṣe ohun tí alùpùpù rẹ ń fẹ́.

Ẹ̀rọ tó ga jù lè tún pa ọ́ lára, níbi gééjì, ìyẹn ohun tó ń ka PSI. Àwọn tó ń ṣe gééjì sábà máa ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo gígùn rẹ̀, ìyẹn iye tó ga jù tó lè kà, sọ bí ó ṣe lè ṣàṣìṣe tó. Ká ní gééjì kan lè ṣìnà ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ 150, àṣìṣe rẹ̀ lè tó PSI 3. Bí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ 60, kò ní ju 1.2 lọ. Fún táyà tó ń fẹ́ 29, PSI 3 kì í ṣe ohun kékeré rárá. Wàá mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bó o bá ń gé kọ́nà. Àwọn oníbátìrì máa ń fi nọ́ńbà hàn, 29.5, 30.0, bí ẹni pé kò sí ohun tí wọn ò mọ̀. Pé ó ń ka ìdajì PSI kò sọ pé ó tọ̀nà dé ìdajì PSI. Ra gééjì kékeré kan lọ́tọ̀, èyí tí kò kọjá 60, kó o fi máa yẹ ẹ̀rọ rẹ wò. Bó o bá rí i pé ẹ̀rọ rẹ máa ń fi PSI 2 kún un nígbà gbogbo, o ti mọ bí wàá ṣe bá a lò: yọ 2 kúrò, ó parí.

Mo tún fẹ́ kó o mọ̀ pé nǹkan tí ojú ẹ̀rọ ń fi hàn nígbà tó ń fẹ́ lọ́wọ́ sábà máa ń ga ju ohun tó wà nínú táyà lọ. Atẹ́gùn tó há sínú páìpù ló ń kà. Èyí tó bá ń dá dúró fúnra rẹ̀ dára, mo fẹ́ kí tìrẹ lè ṣe é, àmọ́ bó bá ti dúró, dúró díẹ̀ kó o tún kà á wò.

Ohun tó yẹ kó o wá lára páálí ni iye lítà atẹ́gùn tí ẹ̀rọ ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan. Púpọ̀ nínú wọn ń fi í pamọ́ sí kọ̀rọ̀, àwọn kan kò tiẹ̀ kọ ọ́. Wò ó báyìí. Inú táyà alùpùpù kékeré, irú tìrẹ, gba nǹkan bíi lítà 6. Láti gbé e láti òfìfo dé 29 PSI, ìyẹn bar 2, ìlọ́po méjì lítà 6 lo máa fẹ́ sínú rẹ̀, lítà 12. Ẹ̀rọ kékeré tó ń tú lítà 10 jáde ní ìṣẹ́jú kan yẹ kó ṣe é ní ìṣẹ́jú kan lé díẹ̀, ṣùgbọ́n bí táyà bá ṣe ń le sí i ni agbára ẹ̀rọ ń dínkù, nítorí náà ka ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Kò burú rárá. Gbé irú ẹ̀rọ kan náà lọ sídìí táyà ẹ̀yìn alùpùpù ńlá tí inú rẹ̀ lè tó lítà 18, tó sì ń fẹ́ 42 PSI: lítà atẹ́gùn tó lé ní 50 ni. Ẹ̀rọ kékeré á ṣiṣẹ́ dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀, ara rẹ̀ á sì ti gbóná kó tó parí. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹ̀rọ báyìí ló dára jù. Ìwọ, alùpùpù rẹ kéré, oore ńlá ni.

Ọ̀rọ̀ gbígbóná yìí, mú un ní pàtàkì. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá máa ń sọ iye ìṣẹ́jú tó lè ṣe kó tó sinmi. Bí wọ́n bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pa á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kódà bó bá ku PSI 2. Ibi tí páìpù ti jáde lára ẹ̀rọ àti orí irin rẹ̀ lè gbóná débi tí yóò jó ọ níka. Fi aṣọ dì í mú bó o bá fẹ́ tú u.

Bátìrì tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ oníbátìrì, mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà, ni wọ́n ń fi kọ ọ́, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹ̀rọ kan lè kọ 4,000 mAh, èkejì 2,000 mAh, kí agbára wọn má yàtọ̀ rárá. Èyí tó kọ 4,000 kà á ní fóótì 3.7, èyí tó kọ 2,000 kà á ní fóótì 7.4. Bó o bá sọ fóótì di púpọ̀ pẹ̀lú mAh, tó o wá pín in sí 1,000, wàá rí i pé 14.8 Wh ni méjèèjì. Wh, ìyẹn gbogbo agbára tó wà nínú bátìrì, ni kó o fi wé ara wọn. Irú 14.8 yẹn máa ń tó fún alùpùpù kékeré bíi tìrẹ. Bó o bá rí èyí tó lé ní 20, tí kò wúwo jù, mú un.

Ẹ̀rọ oníwáyà ní ẹ̀mí tirẹ̀. Kò sí bátìrì inú rẹ̀ tó máa gbó, kò sí pé o gbàgbé láti fún un níná ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bí alùpùpù rẹ bá ṣì lè jí, ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́. Àmọ́ ṣàyẹ̀wò mẹ́ta kó o tó rà á. Kọ́kọ́ rí i dájú pé bátìrì alùpùpù rẹ jẹ́ fóótì 12, nítorí àwọn alùpùpù àtijọ́ kan ń lo fóótì 6. Lẹ́yìn náà, wo iye ámípù tí ẹ̀rọ náà ń fà. Àwọn tí wọ́n ṣe fún mọ́tò lè fà tó 10 sí 15, bẹ́ẹ̀ ojúhò iná tó wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù ò lè gbé ju 5 lọ tí fíúsì rẹ̀ yóò fi jó. Tààrà sórí bátìrì ni kó o dè é, kí wáyà náà ní fíúsì tirẹ̀. Ìkẹta, ṣé ọwọ́ rẹ lè dé bátìrì náà lójú ọ̀nà? Lára àwọn alùpùpù mìíràn, o gbọ́dọ̀ tú ìjókòó àti páànù méjì kó o tó rí i. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, dè wáyà kúkurú kan mọ́ bátìrì títí láé, kí ẹnu rẹ̀ wà níbi tó o ti lè tètè rí i, kó sì ní ìdérí tí omi ò ní wọ̀.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn pé ẹ̀rọ oníwáyà á gbẹ bátìrì wọn, a lè ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa ámípù 10 fún ìṣẹ́jú márùn-ún ti jẹ nǹkan bíi 0.8 Ah (1 Ah jẹ́ 1,000 mAh). Bí bátìrì rẹ bá jẹ́ 4 Ah, ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ. Bátìrì tó lára dá á gbà á. Bátìrì tó ti darúgbó lè má jí alùpùpù lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tó o bá ń fẹ́, kó jẹ́ ní gbangba, má ṣe é nínú ilé tàbí gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Èéfín ẹ́ńjìnnì ń pani, èyí tó burú jù nínú rẹ̀ kò ní òórùn.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé ìgò gáàsì kékeré (ti CO2, kì í ṣe gáàsì ìdáná) ló rọrùn jù. Kò wúwo, ó yá. Ọ̀kan tó jẹ́ gíráàmù 16 máa tú gáàsì tí kò tó lítà 9 jáde, nítorí náà táyà rẹ á gba bíi méjì kó tó dé 29 PSI. Alùpùpù ńlá á gba mẹ́fà. Bó bá tán, ó tán. Ó tún máa ń tutù bíi yìnyín bó bá ń jáde, ó lè ba ìka jẹ́, gáàsì náà sì máa ń tètè la rọ́bà kọjá ju atẹ́gùn lásán lọ. Mo máa ń kó méjì dání fún ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ̀, ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ti ọwọ́ ńkọ́? Bí o bá lágbára, tí àyè bá wà nínú báàgì, kò sí bátìrì tó lè tán lára rẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Táyà rẹ tó ń rọ̀ ní ọjọ́ márùn-ún ni mo fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa. Ẹ̀rọ kì í wo àrùn yẹn sàn. Bó o bá ra ẹ̀rọ tó dára jù láyé, wàá kàn máa bo àrùn náà mọ́lẹ̀ ni, títí ọjọ́ tí yóò rọ̀ mọ́ ọ lábẹ́ lójú eré. Fẹ́ táyà náà dé ìwọ̀n rẹ̀. Tu itọ́ díẹ̀ sí ẹnu fáàfù, kó o tẹjú mọ́ ọn. Bí ìfófòó kékeré bá ń wú níbẹ̀, abẹ́rẹ́ inú fáàfù ló ń jò. Irin kékeré kan wà tí wọ́n fi ń mú un le, bí kò bá gbọ́, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀, kì í gba àkókò. Bí ibẹ̀ bá dákẹ́, da omi ọṣẹ sí gbogbo ojú táyà, máa yí i díẹ̀díẹ̀. Wò ó dáadáa: ìṣó tín-ín-rín tí orí rẹ̀ ti jẹ tán lè wà níbẹ̀ láti oṣù mélòó kan. Má sì gbàgbé ìdérí fáàfù, èyí tó ní rọ́bà nínú. Ó máa ń dá erùpẹ̀ dúró kó má wọ ibi abẹ́rẹ́ yẹn, ó sì ń bá a dí atẹ́gùn.

Wàyí o, ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ. Bó bá jẹ́ TUBELESS, tí kò sì sí túùbù nínú rẹ̀, ìwọ àti ẹ̀rọ rẹ lè gba ara yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà: fa ìṣó yọ, fi okùn onílẹ́ẹ̀ dí ihò, fẹ́ ẹ, rọra máa lọ síbi tí wọ́n á ti tún un ṣe láti inú. Bó bá jẹ́ TUBE TYPE, pàápàá tí rìímù rẹ bá jẹ́ onísípóòkù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìṣó tó bá gún un ti gún túùbù, kò sí okùn tó máa dí i láti ìta, ẹ̀rọ rẹ á kàn máa fẹ́ atẹ́gùn tó ń bá ihò jáde. Ẹni tó ń dá rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú túùbù gbọ́dọ̀ ní túùbù mìíràn tàbí ohun tí a fi ń lẹ ihò túùbù, pẹ̀lú irin méjì tí a fi ń ṣí táyà. Kó o sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i nílé kí ọjọ́ náà tó dé.

Fáàfù tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mo bi ọ́ léèrè níbẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ rèé. Táyà onítúùbù tí kò ní atẹ́gùn tó máa ń yí díẹ̀díẹ̀ lórí rìímù bó o bá ń fún ẹ́ńjìnnì níná tàbí tó o ń tẹ bíréèkì. Ó ń fa túùbù tẹ̀ lé ara rẹ̀, fáàfù ò sì lè tẹ̀ lé wọn nítorí ihò rìímù ti dì í mú. Bó o bá rí i pé ó ti tẹ̀, ìdí rẹ̀ ti ń ya lọ. Má gùn ún lọ síbi tó jìnnà kí wọ́n tó tún táyà àti túùbù náà tò. Ìwọ tí táyà rẹ ń rọ̀ ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí ohun tó ń ṣe ọ́ nìyẹn.

Bí táyà aláìnítúùbù bá ti jábọ́ kúrò létí rìímù, ẹ̀rọ kékeré kì í sábà rí i ṣe, nítorí atẹ́gùn tó ń tú jáde kò yá tó ibi tó ń gbà sá lọ. Yọ abẹ́rẹ́ inú fáàfù kí ọ̀nà lè fẹ̀ sí i, fi ọṣẹ pa etí táyà, fi bẹ́líìtì fún un yípo láàárín kí etí rẹ̀ lè tì sí rìímù, kó o tó tan ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn ó máa ń gbà.

Òwúrọ̀ kó o tó gbéra ni kó o máa wọn táyà. Bó o bá ti rin ìrìn, ó ti gbóná, á fi PSI 3 tàbí 4 hàn lé e, nígbà mìíràn á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Má ṣe tú u dànù. Ojú ọjọ́ náà ń ṣiṣẹ́: bó bá tutù ní ìwọ̀n 5 tàbí 6 Celsius, PSI kan ti lọ.

Èyí tí wàá mú wá ńkọ́? Fún alùpùpù kékeré, mo mú oníbátìrì, bí orí páìpù rẹ̀ bá lè yí mọ́ fáàfù rẹ, tí ó sì ń dá dúró fúnra rẹ̀. Kì í ṣe nítorí 150, àmọ́ nítorí pé bátìrì alùpùpù rẹ kéré. Má fi sínú àpótí tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́, irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kórìíra ooru. Fi aṣọ wé e kí gbígbọ̀n má tú ara rẹ̀, kó o kó o sínú ọ̀rá. Ní oṣooṣù, tan án wò, bí iná rẹ̀ bá ti dín sí ìdajì, fún un níná.

Lọ́jọ́ tó o bá gbé e délé, má dúró de ìṣó. Tú gbogbo atẹ́gùn táyà ẹ̀yìn jáde, kó o lọ síbi tí iná ò mọ́lẹ̀, kó o fẹ́ ẹ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ka ìṣẹ́jú. Fi gééjì rẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi, kó o ṣe ti iwájú láì tún fún un níná. Bó bá ṣe méjèèjì, òun ni. Bí kò bá lè ṣe é, dá a padà nígbà tí páálí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.